Èèpo Iṣu àti Irùngbọ̀n Àlàájì

Lọ́dún tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú ní Muṣin, Christianah kò bá ẹnikẹ́ni tò nílé epo. Nínú yàrá kan tó háyà lẹ́yìnkùlé Àlàájì Oyèníran ló ti ń pọn epo tirẹ̀. Kẹ́mísírì ló kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ kò sí, ṣùgbọ́n èèpo iṣu kún àdúgbò. Yóò gún un, yóò sè é, yóò pò ó mọ́ ọkà bàbà tó ti hù kí ó lè dà bí omi ṣúgà, yóò da ìwúkàrà sí i, yóò sì bò ó mọ́ garawa fún ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e ka iná ṣúkù àgbàdo, tí oru rẹ̀ yóò gba inú páìpù tó rà lọ́jà Ládìpọ̀, tí yóò sì máa kán sínú ìgò, tó, tó, tó.

Òórùn rẹ̀ nìkan ni kò rò.

Ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀ ni òórùn náà bá Àlàájì lálejò, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ebi ti jẹ́ kí imú rẹ̀ mú ju ti ajá ọdẹ lọ.

"Ọtí! Nínú ilé mi! Nínú ààwẹ̀! Christianah, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́ kí oòrùn tó wọ̀!"

Christianah kúnlẹ̀. Ta ni yóò háyà yàrá fún ọmọge tó ní garawa òórùn mẹ́ta? "Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, kì í ṣe mímu. Ìdáná ni."

"Èèpo iṣu ló ń dáná? Bí o bá ní ewúrẹ́ lo ń sìn, ǹ bá gbà."

"Bàbá Saidat," ìyàwó rẹ̀ dá sí i, "kẹrosíìnì wa ti tán. Ògì ìṣínu yín ṣì tutù nini o."

Àlàájì wo ìyàwó rẹ̀. Ó di irùngbọ̀n funfun rẹ̀ mú. "Ó dáa. Bí omi yìí bá se ògì, kí o dúró. Àní bí ó bá lè jó rárá, kí ó jó irùngbọ̀n mi!"

Christianah da díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó ṣáná sí i, ó sì gbé ìkòkò lé e. Oòrùn ṣì mọ́lẹ̀ lágbàlá. Kò sí èéfín. Kò sí ohun tí ojú rí.

"Iná dà?"

"Ó ń jó, sà. Ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni o fẹ́ kọ́ ní iná? Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni mo ti ń dáná!" Àlàájì kúnlẹ̀, ó tẹ orí wálẹ̀, ó yọjú sí ìdí ìkòkò.

Fàà! Òórùn ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi iná wì gba gbogbo àgbàlá kan. Bútà omi àlùwàlá ni Ìyá Saidat dà lé ọkọ rẹ̀ lórí. Nígbà tí Àlàájì fọwọ́ kan àgbọ̀n, irùngbọ̀n wà lápá òsì, apá ọ̀tún ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá Saidat ṣí ìkòkò. "Ó ti ń hó o."

Nígbà tí wọ́n pèrun, Àlàájì mu ògì náà. Ó ní kí wọ́n bu òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Saidat gbé agbọ̀n èèpo iṣu wá sẹ́nu ọ̀nà Christianah. "Bàbá Saidat ní o lè dúró. Ṣùgbọ́n kí o wá nǹkan ṣe sí iná yẹn kí èèyàn lè máa rí i."

Christianah bu iyọ̀ díẹ̀ sínú agolo, ó ṣáná. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú dìde. Lójú fèrèsé, Àlàájì ń wò ó láti òkèèrè, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo irùngbọ̀n tó ṣẹ́ kù.