Ẹnu Bàbá Mardiyah

"Fídíò tí mo bá fọwọ́ kàn, bí eṣinṣin bá bà sórí fìlà nínú ẹ̀, láti Ìbàdàn lẹ ó ti máa ka irun ẹsẹ̀ ẹ̀!"

Teslim gbá tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àgọ́ Palace. Ìyá Mardiyah, tó ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, kàn ń wò ó ni. Etí màmá náà ti di pátápátá. Ọkọ rẹ̀ ṣe fídíò kan fún un láti ọsibítù ní Ṣakí kó tó kú, kò sì tíì mọ ohun tó sọ títí dòní. Lórí fóònù, ẹnu bàbá ò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù nínú ẹ̀, Mardiyah ọmọ wọn, tó bá a wá, ò gbọ́ nǹkan kan. Teslim ní òun a máa gbọ́ bí èèrà ṣe ń wúkọ́, ó ní òun á kọ ọ̀rọ̀ bàbá sísàlẹ̀ fídíò.

Oníṣẹ́ fídíò mìíràn ti kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó lẹ lẹ́tà mọ́ àwòrán títí ojú bàbá fi rí bí àkàrà tó rá sínú ẹ̀kọ. Teslim ò fọwọ́ kan àwòrán rárá. Ó da ọ̀rọ̀ lé e bí ẹni da ìborùn léjìká: ó ṣeé dà, ó ṣeé ká kúrò.

Ó tan tẹlifíṣọ̀n ńlá. Bàbá yọ kedere, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ jáde lábẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀: "Ìyàwó mi, òṣùpá Ìsọlọ̀..."

Màmá gba rìmóòtù, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò lójú fídíò, ó tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́?" Mardiyah bi Teslim.

"Àǹtí, ta ló lè gbọ́ nǹkan nínú ariwo yẹn? Mo bá wọn hun ún ni. Màmá ò ṣáà gbọ́."

"Mo rí ẹnu tìẹ náà," ni màmá wí.

Teslim fọwọ́ bo ẹnu.

"Oníbàárà tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ ní ìsọ̀ mi, ojú ni mo fi ń gbọ́ ọ. Òṣùpá wo? Ọkùnrin yìí ò pè mí lóṣùpá rí! 'Ṣé o ti jẹun?' ló ní. 'Má febi pa ara rẹ nítorí mi.'" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n ní irọ́ a máa lọ fógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ti Teslim ò tiẹ̀ tíì jókòó dáadáa. Ó fò dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà já láìwọ bàtà, bí ẹni tí oyin ń lé.

Mardiyah fẹ́ sá tẹ̀ lé e.

"Fi í sílẹ̀," ni màmá wí, ojú ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Òpùrọ́ paraku ni. Àmọ́ ó mọṣẹ́. Wo bí àlàfo eyín bàbá rẹ ṣe hàn."

Ìyìn kan ṣoṣo tó tọ́ sí Teslim lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó sì ti sá dé Òṣòdì kí wọ́n tó sọ ọ́.