Awò Tí Ń Pa Ẹ̀yìn Ènìyàn Rẹ́

Sàfúrátù, ìyàwó Àbùbákàr ayàwòrán, ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé awò ẹnu kámẹ́rà ọkọ òun kò ka ohun tó bá wà lẹ́yìn ènìyàn sí. Ọjà ni a wà, ó ń ṣa ilá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà. Ó ní ojú nìkan ni awò náà mọ̀. Igi ni o, ògiri ni o, ewúrẹ́ ni o, ohunkóhun tó bá ti jìnnà díẹ̀ sí ojú ẹni tó jókòó, yóò yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, n kò tíì ní ohunkóhun lẹ́yìn mi tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi, Àbdùsàlámì, ti kú, a sì ti sin ín sí Tamale níbí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún mi, Àrìnkẹ́, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Kò pẹ́ tí bàbá ọkọ mi fi ránṣẹ́ láti Ọ̀fà pé kí wọ́n mú ọmọ náà wálé. Ẹnìkan ti sọ fún un pé abẹ́ àtíbàbà ọjà ni èmi àti ọmọ ń sùn, pé a kò ní ilẹ̀kùn tí a lè tì. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ta àwo tánńganran títí mo fi kọ́ ilé oníyàrá méjì sí ẹ̀gbẹ́ àdúgbò Zogbeli. Mo fi páànù bò ó, mo sì ṣe ilẹ̀kùn pákó tó ní àgádágodo sí i.

Baba Mìkáílù, tó máa ń kó ẹrù lọ sí Ọ̀fà lọ́dọọdún, ló bá mi jíṣẹ́ ilé náà fún wọn. Wọn kò gbà á gbọ́. Bàbá ọkọ mi ní àwọn ọmọ Ọ̀fà tó wà ní Tamale kì í tú àṣírí ara wọn. Ó ní òun kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́, òun kò sì fẹ́ lẹ́tà, nítorí ohun tí ènìyàn bá ní kí akọ̀wé kọ náà ni yóò kọ. Ó ní àwòrán kì í parọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ọmọ, kí òun rí ilé tó ń gbé, nínú àwòrán kan náà. Bí n kò bá fi àwòrán bẹ́ẹ̀ lé Baba Mìkáílù lọ́wọ́ kí ó tó tún wọ lọ́rì, ọmọ ni kí n fi lé e lọ́wọ́.

Mo lọ bẹ Àbùbákàr. Kùmásí ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan tó ń padà sí Sàró ló sì ti ra awò náà. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó tóbi tó agolo, dígí ẹnu rẹ̀ sì wú síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Aṣọ àrán ló fi ń wé e. Láti abúlé Kpalsi ni wọ́n ti ń mú ìyàwó tuntun wá bá a, nítorí bí ó bá ya ìyàwó, ojú ọmọbìnrin náà á yọ kedere, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á sì rọ̀ bí ìrọ̀lẹ́.

Ó gbé kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sí àgbàlá mi. Èmi àti Àrìnkẹ́ jókòó sórí àpótí, a tẹjú mọ́ awò, ilé wà lẹ́yìn wa. Nígbà tó fọ àwòrán náà wá, mo rí ara mi. Ilà ojú mi ṣeé kà. Mo rí Àrìnkẹ́ àti òwú tó wà létí rẹ̀. Mo wá ilé mi, n kò rí i. Ohun funfun kan wà lẹ́yìn wa bí omi ẹ̀kọ, ohun dúdú kan sì wà láàárín rẹ̀ tí mo rò pé ó yẹ kó jẹ́ ilẹ̀kùn. Páànù tí mo fi gbogbo èrè mi rà dà bí ibi tí ẹnìkan fi ìka ra òrí sí.

Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku sì pọ̀ lójú ọ̀run. Mo rò pé òun ló fà á. Ní ọjọ́ kejì, mo gbá àgbàlá, mo wọ́n omi sílẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ ògiri, mo fi aṣọ tútù nu ilẹ̀kùn, mo sì fi òróró pa á kó lè máa dán. Lẹ́yìn náà ni mo ránṣẹ́ pe Àbùbákàr pé kí ó padà wá, pé mo ti tún ibẹ̀ ṣe. Nígbà tó rí ilẹ̀ tútù, tó rí òróró lára ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

“Ìyá Àrìnkẹ́, ṣé eruku lo rò pé ó bo ilé rẹ?”

“Kí ló tún lè bò ó, ẹ̀gbọ́n?”

“Awò mi ni. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn.”

Ó ní kí n na ìka kan síwájú ojú mi, kí n tẹjú mọ́ ọn, kí n wá sọ fún òun bóyá mo rí ògiri tó wà lẹ́yìn ìka náà dáadáa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. N kò rí i dáadáa. Ó ní bí awò òun náà ti ń ṣe nìyẹn: ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ń bá a wọlé, ibì kan ṣoṣo ló sì lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá wà níbẹ̀ á hàn. Ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ á ṣàn lọ. Inú bí mi sí i, nítorí pé òótọ́ ló ń sọ.

“Ojú ènìyàn ni ọba àwòrán,” ni ó wí. “Pàǹtí ni ìyókù.”

“Pàǹtí yẹn gan-an ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ wá yà.”

Ó wá gbé àpótí wa lọ síbi ògiri, ó ní bí ilé bá ti sún mọ́ wa, awò yóò di àwa àti ilé mú pọ̀. Ó dì í mú lóòótọ́. Àwòrán kejì jáde, ògiri hàn débi pé mo rí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ògiri nìkan ni. Kò sí páànù, kò sí ilẹ̀kùn. Mo gbé e lọ bá Baba Mìkáílù, ó mú un lọ́wọ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

“Ògiri ta ni èyí?”

“Tèmi ni, Baba. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.”

“Èmi mọ̀ ọ́n. Ọ̀fà ni kò mọ̀ ọ́n. Ògiri mọ́sálásí náà, ògiri ni.”

Ó kù kí kámẹ́rà sún sẹ́yìn títí yóò fi rí gbogbo ilé. Àbùbákàr gbé e sẹ́yìn, ó tún gbé e sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ahéré bàbá Dàgóńbà tó wà níwájú ilé mi. Síbẹ̀, ó ní ibi tí awò náà lè rí kò fẹ̀, ìdajì páànù ló ń rí. Bàbá náà jáde, ó fi Háúsá bi wá bóyá a ti ra ahéré òun ni, kí òun lè mọ ibi tí òun yóò sùn. Àbùbákàr rẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Bí ó bá fẹ́ rí gbogbo ilé, àfi kó gbé kámẹ́rà sí igun àgbàlá kó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwa sì jókòó síwájú pátápátá. Bí a bá sì jókòó síwájú, ilé yóò tún yọ́.

Sàfúrátù, tó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀, ló wá la ẹnu sọ ọ́ pé, ṣebí páànù oníhò wà. Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tó tú àṣírí rẹ̀. N kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Mo bi Àbùbákàr títí ó fi jẹ́wọ́ pé bí òun bá ki páànù pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kékeré bọ ara awò, tòsí àti ọ̀nà jíjìn yóò hàn bákan náà. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ni yóò máa wọlé, nítorí náà ẹnu kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí pẹ́, ẹni tó bá sì mira yóò dàrú. Ó tún ní àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ, kò ní adùn kankan, ó dà bí èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń yà. Òun kò fẹ́ kí wọ́n rí irú rẹ̀ ní Ọ̀fà kí wọ́n ní ọwọ́ òun ló ti jáde.

Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó gbẹ.”

Dígí kan ṣoṣo tí àwòrán máa ń bọ́ sí ló kù nínú àpótí rẹ̀, lọ́rì Baba Mìkáílù yóò sì gbéra lọ́jọ́ kejì. Àbùbákàr gé ìdérí agolo mílíìkì, ó fi ìṣó lu ihò sí i, ó sì kì í bọ ojú ibi tí a là sí ara idẹ náà. Ó ní òun yóò ka Fátíhà kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má mira títí òun yóò fi ṣe àmín. Ó dójú lé Àrìnkẹ́ bó ti ń sọ ọ́. Èmi náà dójú lé e. Mo ní bí ó bá mira, Ọ̀fà ni yóò sùn.

Ó ṣí ẹnu kámẹ́rà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà. N kò gbọ́ Fátíhà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹjú mọ́ awò. Lẹ́yìn náà ni mo rò pé ọmọ náà ń mira, mo bá wò ó. Kò mira. Mo gbójú sókè. Eṣinṣin kan fò kọjá, mo rò pé yóò bà lé e nímú, mo tún wò ó. Ó jókòó bí òkúta, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún. Mo gbójú sókè. Àbùbákàr ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú àwòrán náà wá, ó sì fi í pa mọ́ sẹ́yìn kí ó tó fi hàn mí. Ilé mi wà níbẹ̀. Mo rí ìṣó tó wà lára páànù. Mo rí àgádágodo. Àrìnkẹ́ jókòó síwájú ilé náà, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ya ẹnu díẹ̀ tí ibi eyín rẹ̀ tó ká fi hàn. Ìyá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìró rẹ̀ hàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn. Láti ọrùn lọ sókè, èéfín ni.

“Mo ní kí o má mira,” Àbùbákàr wí.

“Ọmọ ni mo ń wò.”

“Ọmọ kò mira. Ìwọ lo mira.”

Ó ní kí n jẹ́ kí òun fà á ya, kí àwòrán náà má ba òun lórúkọ jẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbá ọwọ́ Àrìnkẹ́ mú, a sì sáré lọ sí ibùdó lọ́rì, nítorí wọ́n ti ń di ẹrù. Aṣọ Àrìnkẹ́ wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká, bí ó bá di dandan.

Baba Mìkáílù gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

“Ilé nìyí,” ni ó wí. “Ọmọ nìyí. Wọn kò lè rí nǹkan sọ mọ́. Kí ìwọ àti ọmọ rẹ máa lọ sílé. Èmi gan-an kò fẹ́ mú ọmọ ẹlẹ́kún gba Yẹ́ndi kọjá.”

Mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fa àwòrán àkọ́kọ́ yọ, èyí tí ojú mi ti hàn, mo ní kí ó bá mi mú un dání pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni. Ó mi orí. Ó ní bí àwòrán bá ti di méjì, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan dán èkejì wò, wọn yóò ní ilé ẹlòmíràn ni a yá.

“Èmi ńkọ́, Baba? Wọn kò ní mọ ẹni tó jókòó ti ọmọ náà.”

“Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kí n mú bọ̀ ni?”

N kò mọ ìwé nígbà náà, ǹ bá kọ orúkọ mi sẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ fọn fèrè. Baba Mìkáílù ti àwòrán náà bọ àpò gbárìyẹ̀ rẹ̀, ó di igi ẹ̀gbẹ́ lọ́rì mú, ó gòkè lọ jókòó láàárín àwọn àpò òrí, ó kọjú sí ọ̀nà Yẹ́ndi, kò sì bojú wẹ̀yìn.