Orúkọ Tí Fúnlọ́lá Yọ

Bébà náà ti ká lẹ́tí kó tó dọ́wọ́ Fúnlọ́lá, olùkọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ní yunifásítì lóṣù tó kọjá, tó fi ránṣẹ́ sáwọn òpìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun, kí ìtàn àgbà má baà sọnù.

"Àbúrò mi ló rí i ní Lọ́ńdọ̀nù," Akínkúnlé wí. "Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé."

Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n ní Mayfair, àdúgbò wọn níbí: ìdílé rẹ̀ ló ń du ilẹ̀ etí odò, lọ́dún yìí tí wọ́n ń tìtorí ààlà sunlé. Bẹ́ẹ̀, bébà náà sọ pé wọ́n yá ìdílé ọ̀hún nílẹ̀ ni, wọn ò fún wọn.

Ó béèrè ẹni tó pìtàn náà. Fúnlọ́lá ní òun ti ṣèlérí fún ẹni ọ̀hún, òun sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Akínkúnlé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fìka tọ ìlà tó kẹ́yìn, ó kà á: "Ọmọ onílẹ̀kùn mẹ́ta, ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-fálejò-òwúrọ̀." Ó ká bébà náà sápò. "Tíṣà, orúkọ lẹ yọ. Ẹ fi oríkì sílẹ̀. Ẹ bá wa kí Màmá."

Bí Màmá Yéjídé, tó pìtàn náà fún un, ṣe máa ń kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ nìyẹn, a máa ki ara rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kì í. Adùn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí Fúnlọ́lá gé e. Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ní. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ balẹ̀, òkun ló fò. Ó lè pa á rẹ́ níbí. Ta ni yóò bá a pa á rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù? Lórí ọ̀kadà tó gbé e lọ sílé Màmá, àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n fọwọ́ mi tú ilé onílé.

Ó bá Màmá níwájú ilé tí bàbá Màmá fi sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní géńdé mẹ́ta wá kí òun láàárọ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọn ò mu omi, wọn ò jókòó.

"Wọ́n kì mí, Fúnlọ́lá. Látìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò kì mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n láwọn ń padà bọ̀ lọ́la." Ó gbójú sókè. "Ta ló kọ́ wọn?"

Fúnlọ́lá wo ẹ̀yìn Màmá. Ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́.