Máṣìnnì Ọlọ́wọ́ Mùnírátù

Ọdún méjì ni Mùnírátù ti fi kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìdèrè kí sòbìà tó dá a dùbúlẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí ẹní. Nígbà tí aràn náà yóò fi jáde tán, orúnkún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti gan, kò ṣeé ká mọ́. Ó tiro padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Ìyá Ọlálékan, ọ̀gá rẹ̀, wò ó títí, ó mirí.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ la fi ń wa máṣìnnì. Lọ máa ta ata. Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ."

"Mo ti gbọ́, mà." Gbígbọ́ ló gbọ́, kò gbà.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Gàníyù fi alùpùpù gbé e lọ sí Èrúwà. Orí tábìlì oníṣòwò kan ló ti rí máṣìnnì kékeré kan tó ní ọwọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ eléyìí dà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Inú ilé ni wọ́n ti ń lò ó, kódà lórí ẹní. Owó ẹlẹ́sẹ̀ kan á ra mẹ́ta irú rẹ̀."

Mùnírátù yí i wò. Abẹ́rẹ́ lọ, abẹ́rẹ́ bọ̀.

"Ẹ bá mi fi í pamọ́ di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀."

Ewúrẹ́ méjì ló ní láyé yìí. Ó ta méjèèjì.

"Ewúrẹ́ a máa bímọ," ni bàbá rẹ̀ wí, "irin kì í bí."

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀ wò."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rọrùn nílé bí ó ti rí lọ́jà. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí irin, ọwọ́ òsì nìkan ló ń darí aṣọ, aṣọ sì ń yà kiri bí ejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán bébà sìmẹ́ńtì láìfi òwú sí i, ìlà lórí ìlà. Bí omijé bá dé, èjìká ló fi ń nù ún, torí ọwọ́ méjèèjì ò sí nílẹ̀.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, Akínladé tó ń ṣiṣẹ́ ìlera wá ẹni tí yóò bá òun ṣẹ́ etí igba aṣọ tí ará ìlú máa fi ń sẹ́ omi mímu nítorí sòbìà. Àwọn aránṣọ ìlú yọ ṣùtì sí i: etí lásán-làsàn, iṣẹ́ ọmọdé!

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá," ni Mùnírátù wí.

Mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọ́, ó tú wọn, ó tún wọn rán. Nígbà tó fi máa kan àádọ́ta, ọwọ́ òsì ti mọ̀nà. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, ó ń bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ, ìlà rẹ̀ ò sì yà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Hàlímọ̀, ìyàwó ilé kejì, wọlé tòun ti ańkárá lábíyá.

"Wọ́n ní o ń ránṣọ nínú ilé. Sátidé la fẹ́ sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ. Ṣé nǹkan kékeré yìí á lè rán bùbá?"

Mùnírátù na ọwọ́ mú téèpù, ó fi í kọ́ ọrùn.

"Ẹ dìde kí n wọ̀n yín, mà. Ẹ wá gbà á lọ́jọ́bọ̀."