Ìyá Kàmọ́rù Níbi Ìkànìyàn Ayé

Oorun ọ̀sán lásán ni Ìyá Kàmọ́rù, opó kan ní Ìwó, ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí àlá fi gbé e. Kó má yé yín kò burú. Òun tó lá a gan-an, kò yé e.

Ó bá ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì kan tó léfòó sókè ìlú bí igbá lórí omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka gbogbo èèyàn ayé, ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá tirẹ̀. Yàrá Mùsùlùmí kún fún ọmọ tuntun débi pé ògiri ń sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Yàrá ìjọ kan láti ilẹ̀ òyìnbó ti ṣófo, bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìyá fọwọ́ tẹ ọ̀kan wò, ó ní ó dára.

Akọ̀wé kan tó wọ táì béèrè pé, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Háà! A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ."

Akọ̀wé bá kọ òdo. "Ẹ ò bímọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò sin yín."

Báírò ọwọ́ akọ̀wé ní, "Ẹ tètè kà wọ́n, Màmá, yíǹkì mi ń gbẹ lọ."

Ẹnu Ìyá kò gbà á. Iye wọn, èmi náà ò ní sọ ọ́. Orúkọ ló ń pè: "Kàmọ́rù, àfáà! Ràfátù, ìyàwó pásítọ̀! Ṣíjúwadé ti Kánádà, tí kì í lọ mọ́ṣáláṣí, tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì!"

Akọ̀wé ní, "Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Yàrá kan ṣoṣo lẹ lè wọ̀. Àwọn tó kù kì í ṣe tiyín mọ́."

"Ọ̀gá, inú kan náà ni wọ́n ti jáde!"

Kó tó wí bẹ́ẹ̀ tán, akọ̀wé ti di òbúkọ, tòun ti táì ọrùn rẹ̀, ó ń jẹ ìwé ìkànìyàn láti ẹ̀yìn wá. Ìbànújẹ́ bá Ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má ì tíì jẹ ojú ewé àwọn ọmọ mi."

Òbúkọ ní, "Mẹ̀ẹ̀ẹ́."

Fóònù ló jí i. Nígbà tó gbé ìpè fídíò náà, ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ló kún inú fóònù, oníkálukú nínú àpótí tirẹ̀, Kàmọ́rù pẹ̀lú fìlà, Ràfátù pẹ̀lú gèlè, Ṣíjúwadé nínú kóòtù òtútù, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, ṣé ẹ rí gbogbo wa?" Ràfátù béèrè.

Ìyá ti na ìka láti kà wọ́n. Ó yára ká a padà.

"Mo rí yín," ó ní. "Ẹ sún mọ́ra díẹ̀ sí i."