Ara Hanifah Ti Tutù

"Ẹ fọwọ́ kàn án wò, Nọ́ọ̀sì! Ara ẹ̀ ti tutù!"

Ìyá àgbà ti gbé ọmọ lé orí tábìlì kí Nọ́ọ̀sì Mùlíkátù tó ráyè fọ ọwọ́. Láti Ẹ̀pẹ́ ni Fàlílátù, ìyá àgbà náà, ti wá sí Ìjẹ̀dé láti bá ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tàwàkálítù, tọ́jú Hanifah, ọmọ oṣù méje tí ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi osùn pa ọmọ náà láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ìdílé wọn bí ara ọmọ kò bá yá. Ọmọ náà pupa fòò.

Mùlíkátù fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Lóòótọ́, ó ti tutù. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pamọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ méjì. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, ó gún un ní gìgísẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àyẹ̀wò sì ní kì í ṣe ibà. Ó wo àyẹ̀wò náà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó fún ọmọ ní oògùn ibà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì létí ọ̀sà. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀fọn Ìjẹ̀dé yìí, ta ni yóò wá sọ fún un pé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná kò ní ibà? "Àyẹ̀wò yìí máa ń purọ́," ló sọ fún Tàwàkálítù lọ́jọ́ náà. Tàwàkálítù gbà, nítorí gbogbo àdúgbò ló gbà bẹ́ẹ̀.

"Oògùn yín ṣiṣẹ́, ẹ ṣeun," ni ìyá àgbà ń wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, mo ti gbé ẹja sórí iná."

Mùlíkátù ti mú bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ọmọ ti yá kí ó tó ṣàkíyèsí pé Tàwàkálítù kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé?"

"Kò mu ọyàn láti àárọ̀, mà. Ó ń bì ṣáá. Ìlédìí tí mo wé fún un ní ìdájí ṣì gbẹ. Kò tiẹ̀ sunkún mọ́."

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ìyá àgbà dáhùn. "Ta ni ibà ń ṣe tí kì í rẹ̀?"

Mùlíkátù di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ó tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú yìnyín. Ní ọdún tó kọjá, dókítà kan wá dá àwọn nọ́ọ̀sì agbègbè náà lẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkòròdú. Mùlíkátù jókòó sẹ́yìn lábẹ́ fáànù, ká má purọ́, ìrẹsì tí wọ́n máa pín lọ́sàn-án ló wà lọ́kàn rẹ̀ jù. Síbẹ̀ nǹkan kan dúró sí i létí: àìsàn kan wà tó ń jẹ́ dẹ́ńgè, ẹ̀fọn tó ń jẹni lójú ọ̀sán ló ń kó o ranni, ọjọ́ tí ara ọmọ bá tutù gan-an ni kí ẹ la ojú yín sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká nu osùn yìí kúrò," ó wí.

Ojú ìyá àgbà yí padà. "Kí ni osùn ṣe? Òun ni wọ́n fi pa èmi náà, òun ni mo fi pa ìyá ẹ̀."

"Mi ò bá osùn jà, mà. Awọ ara ẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Wọ́n fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún. Àmì pupa wínníwínní kún itan Hanifah. Mùlíkátù fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Èyí tí ooru bá sú síni lára a máa ṣá bí a bá tẹ̀ ẹ́. Èyí kò ṣá. Ẹ̀jẹ̀ ni, lábẹ́ awọ. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Bísíríyù oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìkòròdú. Dókítà Bísọ́lá, obìnrin kékeré kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fa omi sí ọmọ lára, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí Tàwàkálítù ṣe ń ròyìn àyẹ̀wò àti oògùn ibà fún un láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan ó padà wá.

"Dẹ́ńgè ni. Ta ló fún un ní oògùn ibà nígbà tí àyẹ̀wò ní kò sí ibà?"

"Oníkẹ́míìsì ni," ìyá àgbà yára dáhùn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìtìjú mú Mùlíkátù. Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tí yóò bi í.

"Èmi ni," ó wí.

Dókítà wò ó. "Oògùn yẹn kọ́ ló ṣe é ní ibi, mà. Ọjọ́ méjì tí ẹ fi rò pé ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é ló burú."

Nígbà tí dókítà lọ tán, Tàwàkálítù gbójú sókè. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ara ẹ̀ máa yá?"

Ìdáhùn ti wà lẹ́nu Mùlíkátù, èyí tó máa ń fún gbogbo ìyá ọmọ kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ wọn pàápàá. Ó gbé e mì.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Wọ́n ní ká máa ṣọ́ ọ títí di ọ̀la."

Ó retí kí obìnrin náà bínú. Tàwàkálítù kàn sún lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣe àyè fún un.

Mùlíkátù jókòó. Kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe ju kí ó máa wo ọmọ náà lọ, ó sì yà á lẹ́nu pé òun kò mọ̀ rí pé iṣẹ́ ni wíwò náà.