Ẹni Tó Gbà Lẹ́nu Géètì Èbúté

Ogójì ìṣẹ́jú péré ni rélùwéè fi ń dé ìlú èbúté àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n lójú Aránṣọ lọ́jọ́ yẹn, bí ogójì ọdún ni. Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ òkun tí olólùfẹ́ rẹ̀, Wẹ́dà, ń bá ṣiṣẹ́ yóò ṣíkọ̀ níbẹ̀. Ó di ọdún méjì kí ó tó padà.

Lánàá ni Wẹ́dà bi í níwájú bàbá Aránṣọ bóyá yóò fẹ́ òun. Bàbá le ojú koko, ahọ́n Aránṣọ bá lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Wẹ́dà ní bí òun kò bá gbọ́ èsì kí ọkọ̀ tó ṣí, a jẹ́ pé kò fẹ́ òun nìyẹn. Látìgbà náà ló ti pa fóònù rẹ̀.

Ìyá kan tó jókòó tì í nínú rélùwéè rí omi lójú rẹ̀, ó bi í pé ta ló kú. Aránṣọ ní kò sẹ́ni tó kú, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni.

“Ìyẹn gan-an tún le ju ikú lọ,” ni ìyá náà wí.

Aránṣọ gbàgbé pé àwọn ará àtijọ́ kọ́ pèpéle ibùdó rélùwéè ìlú náà kúrú, tó fi jẹ́ pé kóòṣì mẹ́rin iwájú nìkan ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún. Kóòṣì ìkẹyìn pátápátá ló sì wọ̀. Ó ń fi ìgúnpá la ẹrù àti èèyàn kọjá, ó ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń bú u. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó sáré kọjá àwọn ilé olókùúta àti ìbọn ńlá ayé ọjọ́un tó ti dípẹtà síbi tó ti kọjú sókun.

Géètì èbúté ti tì nígbà tó débẹ̀. Ọkọ̀ ti kúrò létí omi. Ó di irin géètì mú, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ fún Wẹ́dà pé òun gbà.

Bàbá ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì ní kò sẹ́ni tó lè pe ọkọ̀ padà. Ó wo wọkí-tọkí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ni wọ́n ní kí òun máa fi ṣe, wọn ò ní kí òun fi ṣalárinà. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kí àwọn inú ọkọ̀ pe Wẹ́dà wá, ọmọbìnrin kan wà lẹ́nu géètì tó ní òun gbà.

Ohùn kan nínú ẹ̀rọ béèrè pé kí ló gbà.

“Ṣé èmi ni mo mọ̀?” Bàbá ẹ̀ṣọ́ bá na ẹ̀rọ náà sí Aránṣọ láàárín irin.

Wẹ́dà dé ìdí ẹ̀rọ. “Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbí. Mo gbà. Màá fẹ́ ẹ.”

“Ọdún méjì ni o.”

“Mo mọ̀ ọ́n kà.”

Aránṣọ gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó wà lọ́dọ̀ Wẹ́dà. Wẹ́dà ní òun ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ, kí Aránṣọ fúnra rẹ̀ sọ fún bàbá rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà, kìkì híhó ẹ̀rọ ló kù.

Ìgbà yẹn ni bí ọdún méjì náà ṣe gùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára.